Ọmọ Ìyá: Ta Ni Ọ̀rọ̀ Náà Ń Bá Wí?

Bí ará Ìkòyí nílẹ̀ Okun bá nawọ́ sí ẹnì kan tó ní, "Ọmọ ìyá mi rèé," ohun tó sọ lè jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin. Ó lè jẹ́ pé ìyá kan ló bí àwọn méjèèjì. Ó lè jẹ́ pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni ìyá tó bí i àti ìyá tó bí ẹnì kejì. Ó lè jẹ́ pé inú agboolé kan náà ni wọ́n ti jáde wá. Ó sì lè jẹ́ pé Èkó ni wọ́n ti pàdé lánàá, tí ọ̀kan gbọ́ ohùn Okun lẹ́nu èkejì, tí inú rẹ̀ sì dùn. Gbólóhùn kan náà ni, kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.

Ìkòyí tí à ń wí yìí kì í ṣe ti Èkó tí àwọn olówó ń gbé, kì í sì í ṣe Ìkòyí-Ilé, ìlú Oníkòyí, níhà Ọ̀yọ́. Ti agbègbè Kábà ni, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láàárín àwọn Yorùbá tí à ń pè ní Okun: Owé, Ìjùmú, Ìyàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ìlú mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ kan, ṣùgbọ́n jíjọ-jẹ́-orúkọ nìkan kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá.

Kí ló wá ń sọ ènìyàn di ọmọ ìyá ẹni? Ìbéèrè yìí ti dé kóòtù, ó ti dé yunifásítì, ó ti dé ọ́fíìsì físà. Ìdáhùn tó bá jáde níbì kan kì í sábà bá ti ibòmíràn mu, nítorí pé ohun tí kálukú fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yàtọ̀. Àwọn kan ń wá ìtàn èdè. Àwọn kan ń wá ẹni tí ilé tọ́ sí. Àwọn mìíràn ń wá ọ̀nà láti dá àwọn òyìnbó lóhùn. Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu gbogbo wọn.

Iye, ìyá àti ìyekan

Àwọn onímọ̀ èdè ni kí a kọ́kọ́ gbọ́. Nílẹ̀ Okun, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í pe ìyá ní ìyá. Iye ni wọ́n ń pè é. Ará Ígálà tó wà ní òdìkejì odò Ọya ń sọ bẹ́ẹ̀, Ẹdó tó wà ní Benin náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé èdè àjèjì ni. Ó sì rèé, òun fúnra rẹ̀ ń pe ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́ láì fura. Ta ni Yé tó wà níwájú Yétúndé, Yéwándé àti Yéjídé, bí kò ṣe ìyá? Ohun tí Ọ̀yọ́ fi pa mọ́ sínú orúkọ ọmọ ni Okun ṣì fi ń kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀.

Ibẹ̀ ni ìyekan ti wọlé. Bí a bá tú u, "iye kan" la ó rí nínú rẹ̀, ìyẹn ìyá kan. Ìyekan ẹni, láti ìpìlẹ̀, ni ẹni tí òun àti ẹni jọ ní ìyá kan. Ẹnì kejì ọ̀rọ̀ náà ni ọbàkan, ẹni tí bàbá pa wá pọ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí ìyá wa yàtọ̀. Nípa báyìí, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ ìbátan, èdè ti pín ọmọ inú ilé sí ọ̀nà méjì.

Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn ìdáhùn yìí lágbára, nítorí pé Yorùbá nìkan kọ́ ló gba ìdí ìyá wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Igbo ń pe ọmọ ìyá ní nwanne, ọmọ sì ni nwa, ìyá sì ni nne. Hausa ń sọ ɗan'uwa: ọmọ ni ɗan, ìyá ni uwa. Adelphos tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ fi ń pe arákùnrin, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ilé ọmọ ni wọ́n ti fà á yọ: ẹni tí a jọ ti inú kan náà wá. Ó hàn pé ọ̀pọ̀ ìran ló ti rí i pé bàbá lè pọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ikùn tó gbé ọmọ kò ṣeé jiyàn lé lórí.

Àbùkù rẹ̀ wà lára ẹ̀rí kan náà. Ɗan'uwa ti kúrò ní ọmọ ìyá nìkan, ó ti di mọ̀lẹ́bí èyíkéyìí, àní ará ìlú ẹni pàápàá. Adelphos ti di ará nínú ìjọ. Ìyekan náà kò dúró sójú kan: ẹni tó bá ní òun fẹ́ rí "ẹbí, ará àti ìyekan" níbi òkú bàbá òun kò pe àwọn tó jọ bá a mu ọmú nìkan. Àwọn kan ń fi í pe gbogbo ẹbí ìhà ìyá, àwọn kan ń fi í pe ẹbí lápapọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló ní í sọ bí yóò ṣe máa rìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtumọ̀ àtilẹ̀bá dá ẹjọ́ òní ń béèrè ohun tí èdè kò lè fún un.

Ikùn kan, ààrò kan

Ọ̀wọ́ kejì kò bìkítà nípa ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí ilé ṣe rí. Wọ́n ní ọmọ ìyá ni àwọn tí obìnrin kan bí, ó parí. Gbogbo lílò tó kù, ẹ̀wà ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ wo agboolé olórogún. Ọkọ kan ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni gbogbo ilé ti ń kí i, ṣùgbọ́n ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ àti ààrò tirẹ̀. Nídìí ààrò yẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń yí ká. Nínú ìkòkò yẹn ni wọ́n ń jẹ. Orí ẹní yàrá yẹn ni wọ́n ń sùn sí títí tí àwọn ọkùnrin inú wọn yóò fi dàgbà. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn lóru, ìyá ló kọ́kọ́ ń jí, àwọn tó sì sùn tì í ló ń bá a wá iná. N. A. Fadipe, tó kọ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939 (ọdún 1970 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀), tẹnu mọ́ okùn tó so àwọn ọmọ ìyá kan pọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ohun ìní tún mú kí àlàyé wọn rinlẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá, ohun tí obìnrin bá fi òwò tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó jọ, àwọn ọmọ tó bí ló ni ín lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ orogún kò bá wọn dá sí i. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílẹ̀ Okun, níbi tí àwọn obìnrin ti jẹ́ ahunṣọ. Ìwé tí Elisha Renne kọ lórí aṣọ ilẹ̀ Bùnú, tó jáde ní 1995, fi hàn bí aṣọ tí obìnrin hun ṣe wọ inú ìgbéyàwó, oyè àti ìsìnkú. Àpótí aṣọ ìyá kì í ṣe ti gbogbo agboolé. Àwọn tó lè ṣí i láì tọrọ gááfárà ni ọmọ ìyá.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọkọ bá ti fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo, ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá di ẹnì kan náà, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní ohun tó ń yà sọ́tọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó bá bímọ fún ọkọ méjì ń bí ọmọ ìyá tí ilẹ̀ ìran wọn kò pa pọ̀, tí oríkì ilé bàbá wọn sì yàtọ̀: wọ́n sún mọ́ra ju ẹnikẹ́ni lọ, síbẹ̀ wọn kò lè jókòó pọ̀ níbi ìpàdé ẹbí bàbá. Ìṣòro kan tún wà tí àwọn tó ń kọ ìwé kì í sábà dárúkọ. Ọ̀pọ̀ ilé ni kì í fẹ́ kí a pe ẹnikẹ́ni ní ọbàkan létí àlejò. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí ènìyàn fi èédú fa ìlà sí àárín ilé ni. Nítorí náà ni ọmọ bàbá fi máa ń di "ọmọ ìyá mi" lẹ́nu ẹni tó mọ ilé í tún ṣe. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti ikùn nìkan, irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ kì bá tí ṣeé ṣe.

Nígbà tí ogún bá délẹ̀

Ọ̀wọ̀ lè tó nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí bàbá bá kú tí ilé àti ilẹ̀ sì wà nílẹ̀, kóòtù fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ta.

Ọ̀nà méjì ni àṣà là sílẹ̀. Ọ̀kan ni ìdí-igi: kí a ka iye ìyàwó tó bímọ, kí a pín ogún sí ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan sì gba ìpín kan. Èkejì ni orí-ò-jorí: kí a ka iye ọmọ, kí a sì pín in dọ́gba fún olúkúlùkù. Ẹjọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí gbogbo agbẹjọ́rò mọ̀ wá láti Èkó. Suberu Dawodu kú láì ṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà kò fara mọ́ ìdí-igi. Ó ní kò bá ẹ̀tọ́ mu mọ́. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ìgbà náà yí ìdájọ́ yẹn padà ní 1958. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn yẹn sì fọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà tó gbilẹ̀, àti pé orí-ò-jorí jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè lò bó bá rí i pé ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Lábẹ́ orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án yóò gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Lábẹ́ ìdí-igi, ìpín mẹ́rin ló wà. Bí a bá wá ní ilé ìyàwó mẹ́rin bẹ́ẹ̀ níbi tí ìyàwó kan ti bí ọmọ kan, tí òmíràn sì bí márùn-ún, ọmọ kan yẹn nìkan yóò kó ìdá mẹ́rin ogún, àwọn márùn-ún yóò sì pín ìdá mẹ́rin tiwọn láàárín ara wọn. Nínú mílíọ̀nù 20 náírà, mílíọ̀nù 5 ni ti ẹnì kan. Mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan ni ti àwọn márùn-ún yẹn. Bàbá kan náà ló bí wọn. Ìyá ni ó mú owó wọn yàtọ̀.

Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní ìdí-igi ń dáàbò bo obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kò pọ̀, kí ogún má baà di èrè ìdíje ọmọ bíbí láàárín orogún. Àwọn tó ta kò ó ní ọmọ kò yan ikùn tí yóò gbà wá sáyé. Lójú òǹkọ̀wé yìí, ọ̀rọ̀ àwọn tó ta kò ó rọrùn láti gbà lẹ́tí, ṣùgbọ́n ti àwọn tó gbè é ló mọ inú ilé olórogún jù. Kókó kan sì wà tí àwọn ará Kábà kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: àṣà Èkó ni ẹjọ́ yẹn dá. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé àṣà tí kóòtù kò bá tíì gbà gẹ́gẹ́ bí ohun tó ti mọ̀, ẹ̀rí la ó fi gbé e dìde. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìdí-igi lórí ilẹ̀ Okun ní láti fi hàn pé àṣà ibẹ̀ ni.

Òfin Ìsìláàmù tún gba ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ṣe pàtàkì ní Kogí, níbi tí Kóòtù Ẹ̀bẹ̀ Ṣàríà wà. Oríṣi mẹ́ta ló pín tẹ̀gbọ́n tàbúrò sí: ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ọmọ bàbá nìkan, ọmọ ìyá nìkan. Ọmọ ìyá nìkan, ẹni tí òun àti olóògbé kò jọ ní bàbá, ní ìpín tirẹ̀ tí Sura An-Nisa là sílẹ̀: ìdá mẹ́fà bó bá jẹ́ ẹnì kan, ìdá mẹ́ta fún gbogbo wọn bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí olóògbé kò bá fi ọmọ tàbí bàbá sílẹ̀. Ọkùnrin kò sì gbà ju obìnrin lọ nínú ìpín yìí. Kò sí ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe pàtó tó báyìí. Ọgbọ́n rẹ̀ náà ni àìlera rẹ̀: Mùsùlùmí Okun tó bá ń bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé kì í pín ọmọ ìyá sí mẹ́ta.

Àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni kókó

Àwọn onímọ̀ ìṣẹ̀dálẹ̀ àwùjọ kan ní a ti fi ọmọ ìyá gba àfiyèsí tó yẹ kí a fún ọ̀rọ̀ mìíràn. William Bascom, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ọdún 1942, sọ pé ipò àgbà ni òpó tí àwùjọ Yorùbá fara tì. Ta ló kọ́kọ́ wọ ilé? Ìbéèrè yẹn ló ń pinnu ẹni tí yóò kí ẹnì kejì lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti bí sínú ilé kí ìyàwó tuntun tó dé, ẹ̀gbọ́n ni fún ìyàwó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó lè gbé e pọ̀n. William Schwab tẹ̀ lé e ní 1958 pẹ̀lú àkójọ ọ̀rọ̀ ìbátan àti ìgbéyàwó láti Òṣogbo.

Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ìbátan ayé wéra, láti orí Lewis Henry Morgan ní 1871 dé George Murdock ní 1949, ní orúkọ fún irú ètò báyìí: wọ́n wá ń pè é ní ti Hawaii, níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá àti ọmọ àbúrò ìyá ti ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ọmọ tí ìyá ẹni bí. Ó bá Yorùbá mu títí dé ibi kan. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn bí wọ́n bá jù wá lọ, àbúrò ni wọ́n bí a bá jù wọ́n lọ. Kò sí kọ́sìn nínú èdè náà àfi èyí tí a yá. Ṣùgbọ́n Hawaii kò ní ìyekan àti ọbàkan. Ẹni tó bá ju Yorùbá sínú àpótí yẹn ti gbàgbé ilé olórogún pátápátá.

Oyěwùmí àti àwọn tó dá a lóhùn

Kò sí ẹni tó gbé ọmọ ìyá ga tó Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1997, ó sọ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò mọ akọ tàbí abo, àti pé àwọn òyìnbó ló gbé ìyàtọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ka orí àwùjọ tí ọjọ́ orí ń darí. Ní 2000 àti ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tẹ̀ síwájú: nínú ẹbí Yorùbá, ó ní, ìyá àti ọmọ ni ìpìlẹ̀, kì í ṣe ọkọ àti aya, ọmọ ìyá sì ni ìdè tó lágbára jùlọ. Nígbà tí àwọn obìnrin òyìnbó ń pe ara wọn ní sisita nínú ìjàǹgbara wọn, ó fi ọmọ ìyá hàn wọ́n bí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ju tiwọn lọ, nítorí pé kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀.

Agbára àlàyé yìí kò ṣeé fojú di. Òun ló mú kí àwọn tó ń fi ẹbí ọkọ-aya-àti-ọmọ wọn gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Ó sì tọ̀nà nípa gírámà: "ẹ̀gbọ́n" kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àfi bí a bá fi kún un.

Bibi Bakare-Yusuf dá a lóhùn pé ohun tí èdè kò sọ kì í ṣe pé kò sí nínú ayé. Ọ̀rọ̀ lè má ya ọkùnrin sọ́tọ̀, síbẹ̀ kí ilẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ọkùnrin. Ó ní ipò àgbà nìkan kọ́ ni agbára tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Àgbà náà lè fi ipò rẹ̀ ni ọmọ kékeré lára, kí gbogbo ilé sì pè é ní ìwà ọmọlúàbí. A lè fi èyí kún un: ọmọ ọba Ògbómọ̀ṣọ́ ni Oyěwùmí, àṣà Ọ̀yọ́ ló sì fi ṣe ìwọ̀n. P. C. Lloyd ti fi hàn láti ọdún 1962, nínú ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀, pé bí Oǹdó àti Ìjẹ̀bú ṣe ń ka ẹbí láti ìdí obìnrin àti ọkùnrin yàtọ̀ sí bí àwọn mìíràn ṣe ń gba ìdí ọkùnrin nìkan. Tí Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ kò bá dọ́gba, báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe mọ̀ pé Okun dọ́gba pẹ̀lú ọ̀kan nínú wọn?

Ìyá tí kì í ṣe ènìyàn

Àwọn Ògbóni gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ọmọ ìyá ni wọ́n ń pe ara wọn, ṣùgbọ́n Ilẹ̀ ni ìyá tí wọ́n ń sọ. Peter Morton-Williams, tó kọ̀wé lórí Ògbóni Ọ̀yọ́ ní 1960, ṣàlàyé ibi tí ìsìn Ilẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí àlùfáà Áńgílíkà kan, T. A. J. Ogunbiyi, dá Ògbóni tuntun tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì lè wọ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1914, ọ̀rọ̀ náà bá wọn wọlé.

Ti ìgboro kò gba àlàyé púpọ̀. Kọ̀ńdọ́ inú dánfó tí kò ní ṣéńjì lọ́wọ́ ń pe èrò ní ọmọ ìyá. Ọlọ́jà ń pe oníbàárà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ó ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Kò dájú. Ẹni tó ń fi ọmọ ìyá bẹ àlejò mọ̀ dáadáa pé ọmọ ìyá kì í du ara wọn ní ṣéńjì; bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ṣófo, kò ní wúlò fún ẹ̀bẹ̀.

Físà kò mọ ẹ̀gbọ́n

Lókè òkun, ìwé ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó bá ti pé ọdún 21 lè bẹ̀bẹ̀ fún arákùnrin tàbí arábìnrin rẹ̀ lábẹ́ ìpín tí wọ́n ń pè ní F4. Òbí kan tó pa wọ́n pọ̀ tó. Ọbàkan wọlé, ọmọ ìyá wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn tí bàbá pa pọ̀ ní láti mú ẹ̀rí ìgbéyàwó bàbá wá ju àwọn tí ìyá pa pọ̀ lọ. Ọmọ àbúrò ìyá, ẹni tí wọ́n jọ dàgbà lórí ẹní kan ní Ìkòyí, kò wọlé rárá. Ìdúró níbẹ̀ sì máa ń ju ọdún 10 lọ.

Ohun tó tún dun àwọn Yorùbá Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ni pé Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọbàkan wọn ní "ìdajì" arákùnrin. Kò sí ìdajì nínú ọ̀rọ̀ ìbátan Yorùbá. Ọbàkan, odidi ènìyàn ni, odidi ọmọ bàbá sì ni. Níbi yìí, èdè Yorùbá gbọ́n ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tijú sọ bẹ́ẹ̀.

Okun: ọmọ ìyá àbí ọmọ bàbá?

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sí inú ilé. Ó ti dé òṣèlú. Lábẹ́ ìjọba òyìnbó, apá Àríwá ni wọ́n kó Okun sí, ní Ẹkùn Kábà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ará Kwara, kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún, 1991. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, bàbá ńlá ni wọ́n fi pe gbogbo Yorùbá jọ. Àwọn tó ń pe Okun padà sílé lónìí sì ń pè wọ́n ní "àwọn ọmọ ìyá wa". Ẹ ṣàkíyèsí pé ìpè náà yí láti ìdí bàbá sí ìdí ìyá, bóyá nítorí pé ọmọ bàbá máa ń béèrè ẹni tó dàgbà jù.

Ìbéèrè àgbà yẹn gan-an ni òpìtàn Ade Obayemi yí padà ní 1976. Ó fi ilẹ̀ Okun ṣe àpẹẹrẹ àwọn ìlú kéékèèké tí kò ní ọba ńlá kan lórí gbogbo wọn, ó sì ka irú ètò bẹ́ẹ̀ sí èyí tó lọ́jọ́ lórí ju ìjọba ńlá Ifẹ̀ àti Benin lọ. Àwọn tó ń tẹ̀ lé ìtàn Odùduwà kò gbà fún un, torí pé ìlú púpọ̀ nílẹ̀ Okun ló ní ìtàn pé Ifẹ̀ ni àwọn ti wá. Orúkọ Okun fúnra rẹ̀ kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìkíni ni. Eva Krapf-Askari, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Owé ní ọdún 1960 sí i, ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó kọ́kọ́ fi pe gbogbo wọn pọ̀. Kò sí bàbá nínú rẹ̀, kò sí ìyá. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn la fi mọ̀ wọ́n.

Ohun tó kù nílẹ̀

Ìjiyàn mẹ́ta ni kò tíì parí. Àkọ́kọ́, ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni iye àti ìyá, tí ohùn àti fáwẹ̀lì kàn yí padà bí ìran ṣe ń tàn kálẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ méjì tó jọ ń gbé nínú èdè kan? Yétúndé fà sí apá kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rí orúkọ nìkan kò tó. Èkejì, ṣé ìdí-igi ni àṣà ilẹ̀ Okun, àbí ìdájọ́ Èkó ti ń sọ ara rẹ̀ di àṣà ibẹ̀ láti ẹnu àwọn agbẹjọ́rò? Ẹ̀kẹta ni ti ọbàkan. Bí ìgbéyàwó oníyàwó kan ṣe ń gbilẹ̀, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà yóò kú. Àwọn mìíràn ní kò ní kú, nítorí pé ìkọ̀sílẹ̀ àti ìgbéyàwó ẹlẹ́ẹ̀kejì ń bí ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá tuntun lójoojúmọ́, láì sí agboolé tí yóò kó wọn pọ̀.

Ifẹ̀ ni Bascom jókòó sí. Òṣogbo ni Schwab ti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni Oyěwùmí ti wá, Èkó sì ni ẹjọ́ Dawodu. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ láti Ìkòyí. Ẹni tó bá ní ìyá àgbà nílẹ̀ Okun tó ṣì ń sọ iye, kó jókòó tì í lọ́dún yìí, kó béèrè ohun tó ń pe ọmọ orogún rẹ̀, ohun tó ń pe ọmọ tí àbúrò ìyá rẹ̀ bí, àti ohun tó ń pe ọmọ tí bàbá rẹ̀ bí níta, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.